Ẹni Tó Ni Ìjókòó Ẹ̀yìn

"Ẹ fi ìka yín síbí."

Ohun tí ìyàwó mi wí fún mi nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pa pọ̀. Iwájú ilé ìyá rẹ̀ ní Èjìnrìn la wà. Ó ń di ẹrù mọ́ kárìà tó wà lẹ́yìn alùpùpù mi: apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àti ike epo pupa tí wọ́n ti fi ọ̀rá wé lẹ́nu. Okùn rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù ló fi ń dì í. Ó fà á yí ẹrù náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ta kókó kìíní, ó sì ní kí n fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó má baà tú kí òun tó ta èkejì. Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fa èkejì, rọ́bà fún ìka mi mọ́ ẹrù.

"Ìyá Tọ́pẹ́, o ti di èmi náà mọ́ ọn."

"Kẹ́ ẹ má baà sá lọ ni," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo fa ìka mi yọ. Ọdún mọ́kànlá la fi lọ tí a fi bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, láti Ìkòròdú dé Èjìnrìn, n kò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n sì ń dì í padà. Ó ní kí òun tó mọ̀wé kà lòun ti mọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ìka síbi tó bá ní kí n fi í sí.

A délé kó tó di ọ̀sán. Ó tú ẹrù, ó fi okùn rọ́bà kọ́ sára ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo wà ní pálọ̀, mò ń máàkì ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo gbọ́ tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo wọlé lọ bi í pé kí la máa jẹ, kò dá mi lóhùn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n sọ fún wa. Ó ti pẹ́ gan-an kí n tó lè kọ ìwọ̀nba èyí. Tọ́pẹ́, ọmọ tí a bí, ti di ìyá ọmọ báyìí.

*

Ìkòròdú kì í ṣe ìlú mi. Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ló gbé mi débẹ̀, mo yá yàrá kan, mo sì fẹ́ ọmọ Èjìnrìn. Nítorí náà, mo ti jẹ́ àlejò tipẹ́ kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí àwọn ará ilé ìyàwó mi bá ń sọ èdè wọn, mo máa ń gbọ́ ìdajì, mo sì máa ń fi ẹ̀rín dí ìdajì tó kù.

Nígbà tí a kó lọ sí ẹ́sítéètì, a ra alùpùpù pupa kan. Láàárọ̀, ó ń gbé mi lọ sílé-ìwé. Tó bá di Sátidé, ó ń gbé àwa méjèèjì lọ sí Èjìnrìn. Nítorí rẹ̀, gbogbo ènìyàn rò pé ọlọ́kadà ni mí. Bí mo tilẹ̀ so táì mọ́rùn, kò yí nǹkan kan padà. Lọ́jọ́ kan ní Gáréèjì Ìkòròdú, ìyá kan tó gbé àpò gaàrí dání bọ́ síwájú wa.

"Ọ̀kadà! Ìpákodò!"

"Màmá, ẹ ò rí i pé èrò wà lẹ́yìn mi ni?"

"Èrò yẹn kò níí sọ̀kalẹ̀ ni?"

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn. "Ẹ má bínú, mà. Ibi tí mò ń lọ ṣì jìnnà."

Ìyá náà pòṣé, ó ní ká máa gbé ìranù wa lọ. A rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi ń ṣomi nínú akoto.

Ìyàwó mi máa ń rí gálọ́ọ̀pù kí n tó rí i. Ó ní bó ṣe máa ń fi ọwọ́ sọ ọ́ fún mi. Bó bá fi ọwọ́ kan èjìká mi ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, kí n rọra. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀nà ti dáa, kí n máa lọ. Bí gbogbo nǹkan bá sì ń lọ déédéé, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi lẹ́yìn, á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Kí àyè lè gbà á dáadáa, orí táńkì epo ni èmi fúnra mi máa ń jókòó sí, orúnkún mi á yà síta, bí ẹni tó gun ewúrẹ́.

*

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, ilé-ìwé wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Tọ́pẹ́ nígbà náà, họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé-ìwé girama kan ní Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé. Tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ ló máa ń di àpótí rẹ̀ mọ́ kárìà, èmi a sì gbé e dé Gáréèjì, níbi tó ti máa wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́.

Lọ́jọ́ náà, ó dúró lójú ilẹ̀kùn pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, àpótí rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Dádì, ṣé ká máa lọ?"

Mo wo alùpùpù náà níbi tí mo fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀ sí. Mò ń rí bí ìjókòó ẹ̀yìn ṣe yọ lábẹ́ tapólì.

"Máṣíìnì ti bàjẹ́," mo wí.

"Kí ló ṣe é?"

"Púlọ́ọ̀gì ni."

Kò sí ohun tó ṣe é. Tọ́pẹ́ gbé àpótí náà karí, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn jáde ní gẹ́ètì. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wo àpótí náà tó ń mì lórí rẹ̀ títí tó fi yà sójú títì. Mo lè sáré tẹ̀ lé e. Mo lè bá a gbé e, kódà bí a bá jọ rìn. N kò ṣe é.

Ìyẹn ni mo gbé lọ sí ìlú òkèèrè. Àpò aṣọ mi kò wúwo tó o.

*

Ilé-ìwé kan ní Lèsótò ń wá olùkọ́ ìṣirò. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n gbà mí. Mo fi Tọ́pẹ́ sọ́dọ̀ Màmá Èjìnrìn, ìyá ìyàwó mi, kó máa lo ọlidé rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ní mo lọ wá ayé tó dáa. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀.

Orílẹ̀-èdè kékeré ni, òkè ló kún inú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta mi níbẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ garawa omi tí mo gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi kan ohun líle. Mo rò pé ẹnìkan ti fi dígí dé e. Omi náà ló ti dì. Mo dúró tì í bí ẹni tí wọ́n jà lólè, n kò mọ ẹni tí mo lè bá wí.

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló tún bà mí lẹ́rù. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sí ẹni tó ń pe èrò. Bí mo bá sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ohùn mi á lọ dé ara ògiri, á sì padà wá bá mi ní èmi nìkan.

Àmọ́ wọ́n ń kíni. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Àwọn àgbà ọkùnrin a da kúbùsù bora bí agbádá, wọ́n á sì dúró lójú ọ̀nà láti kí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí: "Lumela, ntate." Ntate ni bàbá. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, kò sí ẹni tó ń pè mí ní Bàbá Tọ́pẹ́ lójoojúmọ́ mọ́. Nígbà tí àjèjì kan pè mí ní bàbá lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kí i padà.

Àwọn ìṣẹ́gun mi kéré. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù kẹrosíìnì tí ojú mi kò fi ní dúdú mọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ papa, ọkà àgbàdo wọn, tó jọ tùwó. Ọmọbìnrin kan tó máa ń sá fún ìṣirò wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ Sátidé kan, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n ṣe ìdógba kan fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn tó lọ, mo fọ ife méjèèjì tí a fi mu tíì, mo sì gbé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn síbi tí mo ti lè máa wò wọ́n.

*

Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ènìyàn nígbà náà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ọgbà ilé-ìwé wa. Àfi kéèyàn gun àpáta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Èjìnrìn. Àfi kí wọ́n lọ sétí ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè tí Tọ́pẹ́ bá wà nílé, èmi á dúró lórí àpáta, àwọn á dúró lẹ́bàá omi.

"Hẹ́lò! Bàbá Tọ́pẹ́! Hẹ́lò!" Màmá á máa pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn òun fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà."

"Ṣé wọ́n ń fún ọ lẹ́ja jẹ?"

"Kò sí ẹja níbí, mà. Orí òkè ni."

"Kí ni wọ́n wá ń fi jẹun?"

"Ẹran àgùntàn, mà."

"Lójoojúmọ́? Bíi ti Iléyá?"

Lẹ́yìn náà, á gbé fóònù fún Tọ́pẹ́.

"Báwo ni ilé-ìwé?"

"Dáadáa ni, Dádì."

"Ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ sọ?"

"Rárá, Dádì."

Mo máa ń gbọ́ omi lẹ́yìn ohùn rẹ̀, àti ìró àjẹ̀ tó ń kan etí ọkọ̀. Nígbà míì, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n má sọ̀rọ̀ rárá, kí wọ́n kàn na fóònù sí ojú omi, kí n máa gbọ́ ọ̀sà títí owó á fi tán lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá parí, mo máa ń jókòó lórí àpáta náà. Ní Ìkòròdú, ará Ọ̀ṣun ni wọ́n ń pè mí. Ní ìlú mi ní Ọ̀ṣun, ará Èkó ni mí. Ní Lèsótò, ará Nàìjíríà. Ní Èjìnrìn nìkan ni wọ́n ti ń pè mí ní ọkọ ọmọ wa, orúkọ yẹn nìkan ló sì wọ̀ mí lọ́rùn bí aṣọ tí wọ́n wọn fún mi. Mo máa ń bi ara mi pé, ọkọ ọmọ wa, nígbà tí ọmọ wọn kò sí mọ́, ta ni?

*

Ẹni tó dá mi lóhùn, láìmọ̀, ni Ṣàkírù. Iṣẹ́ apòògùn ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn ìlú náà, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ọjọ́ tí a pàdé, ó bi mí pé ibo ni mo ti fẹ́yàwó, mo ní Èjìnrìn.

"Èjìnrìn kẹ̀? Ẹ yáa dọ̀bálẹ̀ báyìí! Àna yín ni mí."

Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ ní àárín ọjà, àwọn ará ìlú ń wò wá. Láti ọjọ́ náà, Àna ló ń pè mí.

Ọ̀rẹ́ wa kẹta ni Thabo, ọmọ ìlú náà gan-an, tó ń kọ́ni níṣẹ́ káfíńtà nílé-ìwé wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní alùpùpù àtijọ́ mẹ́ta tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe. Lọ́dọọdún, nígbà ọlidé, tí igi písì, igi eléso kan níbẹ̀, bá ń tanná, òun, Ṣàkírù àti ọ̀rẹ́ wọn kan á gùn wọ́n lọ sínú àwọn òkè ńlá fún ọjọ́ márùn-ún, fún ìgbádùn lásán. Ọ̀rẹ́ náà ti kó kúrò nílùú. Thabo bi mí bóyá mo lè rọ́pò rẹ̀. Mo ní rárá.

"Ẹni tó gun máṣíìnì láti Ìkòròdú dé Èjìnrìn fún ọdún mọ́kànlá?" Ṣàkírù wí. "Àbí irọ́ lẹ ń pa fún wa? Àbí ìyàwó yín ló ń gùn ún, tí ẹ̀yin jẹ́ èrò?"

"Èmi ni mò ń gùn ún."

"Ẹ wá gùn ún ká rí i."

Bí mo ṣe lọ nìyẹn. Láàárọ̀ tí a máa gbéra, Thabo ń di ẹrù wa. Alùpùpù rẹ̀ kò ní kárìà bíi tiwa nílé. Orí ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ń di ẹrù sí. Nígbà tó gbé àpò mi dé ìjókòó ẹ̀yìn mi, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé e kọ́ àyà. Ó padà lọ di ẹrù tirẹ̀. Mo gun alùpùpù náà, mo sún títí mo fi dé orí táńkì.

Ṣàkírù rìn yí mi ká. "Àna, ta lẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ fún? Ènìyàn méjì lè jókòó síbẹ̀, kí wọ́n tún gbé ewúrẹ́ dání."

Mo bá a rẹ́rìn-ín.

*

Bí mo bá ń rántí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ yẹn, ó máa ń rí bí ohun tí mo rí lójú oorun. Ọ̀nà náà jẹ́ òkúta, ó ń lọ́ sókè bí okùn tí wọ́n ń ká. Igi písì tó tanná pọ́ńkì wà lẹ́bàá àwọn ilé olókùúta, bẹ́ẹ̀ yìnyín ṣì kù lórí àwọn òkè tó ga jù. Nígbà míì, ìkùukùu á jókòó sójú ọ̀nà níwájú wa, a ó wọ inú rẹ̀, a ó sì jáde ní òdìkejì pẹ̀lú ìrì lára aṣọ wa. A kì í sọ̀rọ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dẹ́kun gbígbọ́ rẹ̀.

Bí oòrùn bá ràn sí mi lẹ́yìn, ibì kan ṣoṣo ló máa ń gbóná níbẹ̀, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Mo mọ̀ pé oòrùn ni. Síbẹ̀, mo máa ń rọra wakọ̀ kí ibẹ̀ má baà tutù.

Ohun kan ṣoṣo tí Thabo bá mi wí ni họ́ọ̀nù. Ní Ìkòròdú, a kì í yà ní kọ̀rọ̀ láìfọn họ́ọ̀nù. Òun la fi ń kìlọ̀, òun la fi ń kíni, òun la fi ń dúpẹ́, òun la sì fi ń bú ìyá ara wa. "Ntate," Thabo wí, "níbí, ẹṣin ló ni ọ̀nà." Mo ní mo ti gbọ́. Bí a bá dé kọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, àtàǹpàkò mi á ti lọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ọ̀sán, Thabo ti ṣíwájú, Ṣàkírù wà láàárín, èmi ni mo kẹ́yìn. A dé kọ̀rọ̀ kan tó há. Mo fọn họ́ọ̀nù, ó gùn. Bàbá àgbà kan tó da kúbùsù eérú bora ń fa ẹṣin kan bọ̀ ní òdìkejì, àpò ìyẹ̀fun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹṣin náà ta, ó fò bọ́ sáàárín ọ̀nà. Ṣàkírù yà fún un. Mo rí alùpùpù rẹ̀ tó ń lọ lórí òkúta láìsí ẹnì kan lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ òsì mú. Ibẹ̀ ti ń wú.

"Àna," ó wí, ó ń fún eyín pọ̀, "ṣé ẹ rò pé Gáréèjì la wà ni?"

*

Thabo padà wá bá wa. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ náà, Ṣàkírù ké. Ó ní eegun ti sán, ilé ìwòsàn kan wà nísàlẹ̀ àfonífojì, ìrìn wákàtí méjì, kùrukùru sì ń bọ̀ wálẹ̀. Kí a máa lọ kí òtútù tó mú un. Bàbá ẹlẹ́ṣin náà, tí n kò tíì lè wo ojú rẹ̀, gbà láti bá wa tọ́jú alùpùpù tó ṣubú sínú ọgbà rẹ̀.

Ìjókòó ẹ̀yìn Thabo kún: ike epo, àpótí irinṣẹ́, àgọ́ tí a ń sùn sí.

"Kó ẹrù rẹ sílẹ̀, kí o gbé e," mo wí fún un.

"Bí epo bá tán lọ́nà ńkọ́? Ẹrù náà gbọ́dọ̀ bá wa lọ, ntate. Ibẹ̀ yẹn nìkan ló kù tó lè jókòó sí." Ó nawọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn mi.

Mo dúró. Ojú ti ń tì mí fún ìdúró yẹn láti ìgbà náà. Ọkùnrin kan di ọwọ́ tó sán mú nítorí àìgbọ́ràn mi, èmi sì ń ṣọ́ àyè tó ṣófo. Mò ń rí àpótí Tọ́pẹ́ tó ń mì lọ síhà títì.

Ṣàkírù, tó mọ̀ pé ìyàwó mi ti kú, wo èmi àti ìjókòó náà, ó sì dìde. Ó lọ dúró níwájú ìjókòó ẹ̀yìn náà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, èmi ni, Ṣàkírù, ará Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà kan náà ló bí wa. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ibí. Ọwọ́ ń dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi díẹ̀. Tí a bá ti délẹ̀, màá sọ̀kalẹ̀."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Thabo kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ó bọ́ akoto rẹ̀, ó gbé e dání.

Ṣàkírù yíjú sí mi. "Wọ́n ní kò burú."

"Gùn ún," mo wí.

*

Kò jọ ọ́ rárá. Ó wúwo, orúnkún rẹ̀ ń gbá mi níhà, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù gbá mi lábẹ́ àyà mú bí ẹni tó ń rì sómi. Ní gbogbo kọ̀rọ̀, á ní "Lá ìláha illa-llah". Láàárín kọ̀rọ̀ méjì, á máa ráhùn.

"Àna, ẹ rọra o. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní."

"Mò ń rọra."

"Ẹ má fọn họ́ọ̀nù o."

"N kò fọn ún."

"Mo kàn ń sọ fún yín ni."

Èjìká ọ̀tún mi ń dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Kò sí ẹni tó kàn án. Mo ní láti máa fi ojú ara mi wá òkúta, ó sì yà mí lẹ́nu pé mò ń rí wọn. Alùpùpù náà fúnra rẹ̀ ti fara balẹ̀; láti ọjọ́ tí a ti gbéra ló ti ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nítorí kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó wá ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà báyìí.

Kùrukùru bò wá. Iná ẹ̀yìn Thabo nìkan ni mò ń rí, pupa, kékeré, bí ẹyin iná. Nínú funfun yẹn, mi ò lè sọ pé òkè kan wà níbì kankan. Ó lè jẹ́ ọ̀nà Èjìnrìn. Ọ̀sà lè wà lápá ọ̀tún mi, kí ọ̀yẹ́ bò ó. Mo rántí ìyá tó ní àpò gaàrí lọ́wọ́ ní Gáréèjì, tó bèèrè pé èrò ẹ̀yìn mi kò níí sọ̀kalẹ̀ ni. Ó ti sọ̀kalẹ̀, Màmá. Ó ti dé ibi tó ń lọ. Èmi ni mo ṣì ń gbé àyè rẹ̀ káàkiri, tí n kò jẹ́ kí ọmọ tó bí jókòó síbẹ̀.

Mo sunkún díẹ̀ nínú akoto. Ṣàkírù gbọ́ ọ, mo rò pé ó gbọ́ ọ, nítorí ó dákẹ́ ìráhùn fún odidi kọ̀rọ̀ mẹ́ta.

*

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo gun àpáta. Wọ́n ti di ọwọ́ Ṣàkírù, ara rẹ̀ ti ń yá. Tọ́pẹ́ wà ní ọlidé. Mo ní kí Màmá gbé fóònù fún un kí ó tó bi mí léèrè ẹja.

"Tọ́pẹ́, máṣíìnì yẹn kò bàjẹ́ lọ́jọ́ tí o ń lọ sílé-ìwé."

Mo gbọ́ omi. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń pe ọkọ̀ wá sí èbúté.

"Mo mọ̀, Dádì."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo gbọ́ tí ẹ sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó máa dún, ẹ ò gùn ún, ẹ tún pa á." Ìró àjẹ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀. "Èmi náà ò fẹ́ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé àpótí ni."

Mo ní kó má bínú, ọ̀rọ̀ tí bàbá kì í sábà sọ fún ọmọ lọ́dọ̀ tiwa.

"Màá bá ọ gbé e," mo wí nígbẹ̀yìn. "Tí mo bá dé ní Kérésì."

"Ta ló máa bá yín dì í?"

Mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kí ló ní? Ṣé ó ti rí ẹja?"

*

Ní ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé lẹ́yìn ọdún tuntun, mo ká tapólì kúrò lórí alùpùpù pupa náà nílé wa ní Ìkòròdú. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ bátìrì àti táyà rẹ̀. Okùn rọ́bà mẹ́ta ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí ìyá Tọ́pẹ́ fi wọ́n kọ́ sí. Méjì ti gbẹ, wọ́n já nígbà tí mo fà wọ́n. Ẹ̀kẹta ṣì ń nà.

Mo gbé àpótí Tọ́pẹ́ lé kárìà. Mo fa rọ́bà yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ta kókó kìíní, ó tú. Mo tún un ta, ó tún tú. Òógùn ti ń bọ́ sí mi lójú.

Tọ́pẹ́ ti dàgbà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Ó sún mọ́ mi, ó na ìka rẹ̀.

"Dádì, kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Dúró ná."

Mo fi àtàǹpàkò òsì mi tẹ kókó kìíní. Mo fi eyín di etí okùn kan mú, ó ń rùn bíi táyà, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún fa èkejì. Rọ́bà fún àtàǹpàkò mi mọ́ àpótí. Mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fà á yọ.

Mo di àpótí náà mú, mo mì í pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Kò mì.